Ìjánu Inú Ara: Ó Ha Tọ́ Kí A Fi Abẹ́rẹ́ Sọ Wàrà Màlúù Di Púpọ̀ Bí?

Olùkọ́ kan nínú ẹkùn wa, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹran ọ̀sìn, fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí wa, àwa sì ti ń rò ó láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ó ní òun kà á pé àwọn onímọ̀ ní òkè òkun ti wá ọ̀nà láti gún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì í ṣe nítorí àìsàn kankan, bí kò ṣe kí ara màlúù náà lè dojú ìjà kọ ohun kan tí Ẹlẹ́dàá fi sínú rẹ̀ láti máa dá a dúró ní ìwọ̀n, kí wàrà rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: ǹjẹ́ Kristẹni lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹran rẹ̀, kí ó sì tún jókòó dúpẹ́ lórí wàrà náà?

Àwọn kan yóò wí pé, Kí ni ó kan ará Ọ̀wọ̀ àti ará Ọsẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àgbẹ̀ kòkó àti àgbẹ̀ iṣu ni wá, ẹni tí ó ni màlúù ni kí ó máa ro ti màlúù. Òtítọ́ ni pé àwọn bàbá wa kì í fún wàrà. Àwọn màlúù kúkúrú aláìníké tí ń rìn káàkiri abúlé láyé àtijọ́, tí eṣinṣin inú igbó kì í tètè rí pa, nítorí ìsìnkú àti ìnáwó ńlá ni a ṣe ń sìn wọ́n. Ọmọ wọn ni ó ni wàrà wọn. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ilé olùkọ́ wo ni ó wà lónìí tí a kò ti mọ mílíìkì alágolo? Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà tí wọ́n fi omi ewé bomubomu mú dì wá sí ọjà wa, àwọn ọmọ wa sì ń fi owó oúnjẹ wọn rà á. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ màlúù ti mú omijé wá sí ìhà tiwa, nítorí oko tí ẹran jẹ àti ìjà tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀wọ̀, tí ó di olóògbé ní oṣù kejìlá ọdún 2023, fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka dída ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí ẹni púpọ̀ kò kíyè sí nínú òfin náà ni èyí: ní ọjọ́ tí a bá ti màlúù mọ́ inú ọgbà, ẹnìkan ní láti máa ru koríko lọ bá a, kí ó sì máa pọn omi fún un. Ẹni tí ń ra koríko yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wo màlúù kọ̀ọ̀kan, yóò máa bi ara rẹ̀ pé, Èló ni èyí ń mú wá fún mi lójúmọ́? Láti inú ìbéèrè yẹn ni abẹ́rẹ́ tí a ń sọ yìí ti wá. Nítorí náà, bí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà tí ó lè gbà dé kò jìnnà.

Kí a tó dá abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a rántí pé gbèsè màlúù ń bẹ lọ́rùn gbogbo ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ àjẹsára. Ní ọdún 1796, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Edward Jenner mú oje láti ara éwo tí ó wà lọ́wọ́ obìnrin tí ń fún wàrà, ẹni tí àrùn ìléròrò màlúù ràn, ó sì fi sín ọmọdékùnrin kan ní gbẹ́rẹ́, àrùn ìgbóná kò sì lè mú ọmọ náà mọ́. Láti inú orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe màlúù ni àwọn Òyìnbó ti fa orúkọ tí wọ́n ń pe àjẹsára yọ títí di òní. Ìgbóná yìí kan náà, tí àwọn bàbá wa kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ lásán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Ara màlúù ni a ti kọ́kọ́ rí ààbò náà.

A sì ti san díẹ̀ nínú gbèsè náà padà. Ní ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sí òpin, àrùn ńlá kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní rinderpest wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìhà ìlà-oòrùn, ó sì gbá àwọn agbo ẹran lọ bí ìgbà tí iná bá mú pápá. Àwọn Fúlàní tí wọ́n ní ọgọ́rùn-ún màlúù lánàá di alágbe lónìí. Nítorí àrùn yìí ni a ṣe dá ilé ìwádìí àìsàn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ní ọdún 1924, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣe abẹ́rẹ́ fún màlúù ní ilẹ̀ wa láti ìgbà náà. Láti ọdún 1962, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí Adágún Chad ká fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti gún màlúù ní abẹ́rẹ́ káàkiri. Àrùn náà tún jí dìde ní ọdún 1983, ó sì tún ṣe ọṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò jáwọ́. Ní ọdún 2011 a kéde fún gbogbo ayé pé ó ti parẹ́. Lẹ́yìn ìgbóná, òun nìkan ni àrùn tí ọwọ́ ènìyàn tíì pa run tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé a fi abẹ́rẹ́ àjẹsára gún màlúù yóò kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ àánú ni. Orúkọ náà dára, ó sì yẹ kí ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà lè bo iṣẹ́ méjì tí kò jọ ara wọn.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ kejì náà bí a ti lè ṣe mọ. Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ màlúù, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú tiwa náà, kókó kékeré kan wà tí kò ju ẹ̀wà lọ nínú ti ènìyàn. Láti inú rẹ̀ ni ìránṣẹ́ kan ti ń jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbà. Lára ọmọdé ó ń mú egungun gùn; lára màlúù tí ó ti bímọ, ó ń darí oúnjẹ tí màlúù jẹ lọ sí ìhà ọmú, kí ó lè di wàrà. Ṣùgbọ́n a kò fi ìránṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí ó máa sáré bí ó ti wù ú. Ìránṣẹ́ kejì wà tí ń dì í mú, bí ìjánu ti ń di ẹṣin mú. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ tí ń bá Roger Guillemin ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí ìjánu yìí láti inú ọpọlọ àgùntàn, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní somatostatin. Guillemin wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977 fún irú iṣẹ́ báyìí.

Ọ̀nà méjì, nítorí náà, ni ẹni tí ó ń fẹ́ wàrà púpọ̀ lè gbà. Èkíní ni kí ó fi kún ohun tí ń sáré. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti gún màlúù ní omi tí a yọ láti inú kókó abẹ́ ọpọlọ ní ọdún 1937, wọ́n sì rí i pé wàrà pọ̀ sí i. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ náà rò ó bóyá kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí a lè rí láti inú kókó àwọn màlúù tí a pa kéré jù fún iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà sùn títí di ìgbà tí a kọ́ bí a ti í mú kí kòkòrò tíntín tí ojú kò lè rí máa ṣe họ́mọ́ọ̀nù náà fún wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993 ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i, ní oṣù kejì ọdún 1994 ilé-iṣẹ́ Monsanto sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní orúkọ Posilac. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ń gún màlúù, wàrà rẹ̀ a sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Kí ni màlúù fi san án? Àwọn dókítà ẹran tí ìjọba Kánádà yàn láti ṣe ìwádìí kó gbogbo àyẹ̀wò tí ó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ewu àrùn ọmú wíwú fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé, ewu ẹsẹ̀ dídùn sì fi nǹkan bí ìdajì lé, àti pé ó ṣòro fún àwọn màlúù náà láti lóyún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 Kánádà kọ̀ ọ́. Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà fi òfin dè é títí láé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Kí a má bàa dá ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo, àyẹ̀wò mìíràn jáde ní ọdún 2014 tí ó wí pé ìpalára náà kò tó bí àwọn ti Kánádà ti wí. Ẹni tí ń tà á ni ó náwó sí i. Ẹ̀yin òǹkàwé lè fi òye tiyín wọ̀n ọ́n. Ní ti ẹni tí ń mu wàrà náà, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà kò rí ẹ̀rí pé ó pa á lára, nítorí inú ikùn ènìyàn ni họ́mọ́ọ̀nù màlúù ti ń di oúnjẹ bí ẹran àti ẹ̀wà. Nítorí màlúù ni Kánádà ṣe kọ̀ ọ́, kì í ṣe nítorí ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí wú wa lórí, nítorí kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ìjọba ń ṣe òfin nítorí ẹni tí kò lè dìbò.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí olùkọ́ wa béèrè. Dípò kí a fi kún ohun tí ń sáré, a ó já ìjánu. A ó mú somatostatin, a ó so ó mọ́ ohun àjèjì kan, a ó sì gún màlúù ní àdàpọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ màlúù yóò rí àjèjì, yóò sì dá ọmọ-ogun sílẹ̀ láti bá a jà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí àrùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti so ohun tirẹ̀ mọ́ ti àjèjì, àwọn ọmọ-ogun náà kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Wọn yóò máa dì mọ́ ìjánu tí ó wà nínú ara rẹ̀ gan-an, ìjánu kò sì ní lè ṣiṣẹ́, họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbà yóò sì máa ṣàn. Lára àgùntàn ni a ti kọ́kọ́ dán an wò dáadáa ní ẹ̀wádún kẹjọ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn kan nínú wọn sì dàgbà kíákíá. Lára màlúù, nígbà mìíràn wàrà pọ̀, nígbà mìíràn kò sí ìyàtọ̀ kan. Àìdúró-sójú-kan yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó gbilẹ̀ bí Posilac.

Kò yẹ, síbẹ̀, kí a fi ẹ̀yìn sí ìbéèrè kan nítorí pé ọjà rẹ̀ kò tà. Ohun tí kò yọrí lónìí lè yọrí lọ́la, ó sì sàn kí a ti mọ èrò wa kí ó tó dé.

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa nínú Ìjọ ni pé, Ó lòdì sí ìṣẹ̀dá. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, a sì bu ọlá fún wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun gbogbo tí ó bá kọjá ìwọ̀n ìṣẹ̀dá ni ẹ̀ṣẹ̀, wàrà inú ago wa ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ abẹ́rẹ́ kankan. Wàrà tí màlúù ní ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò ju èyí tí ọmọ rẹ̀ lè mu lọ. Màlúù àwọn Fúlàní wa, èyí funfun oníwo gígùn tí a ń rí ní ojú ọ̀nà Ifọ̀n, ní ibi púpọ̀ kì í fún olówó rẹ̀ ju nǹkan bí lítà 2 lọ lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ìpíndọ́gba wàrà màlúù kan ní ọdún kan ju kìlógíráàmù 10,000 lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ṣe nínú ìyẹn. Yíyan akọ àti abo láti ìran dé ìran, oúnjẹ dáradára àti ìtọ́jú ni ó ṣe é. Kòkó tí a ń gbìn ní Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ó ti wá, a sì ti fi irú kan kún irú kan títí ó fi tètè ń so. Ta ni ó pe ìyẹn ní ọ̀tẹ̀ sí Ẹlẹ́dàá? Ọlọ́run fi ayé lé ènìyàn lọ́wọ́ kí ó máa ro ó, oko tí a kò sì fi ọwọ́ kàn kì í ṣe oko.

Àwọn mìíràn lọ sí apá kejì, wọ́n sì ń wí pé ẹran ni ẹran, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i tí ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọn a sì di Pọ́ọ̀lù Mímọ́ mú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ rántí pé, nínú Episteli kìn-ín-ní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kẹsàn-án, Àpóstélì náà mú òfin Mósè jáde nípa màlúù tí ń pa ọkà, pé kí a má ṣe dì í lẹ́nu, ó sì béèrè bóyá nítorí màlúù ni Ọlọ́run ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní, Ẹ ò rí i, Pọ́ọ̀lù ti dáhùn pé Ọlọ́run kò ka màlúù sí. Ní èrò tiwa, wọ́n ka Àpóstélì náà ní àkàpalẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé oníwàásù ní ẹ̀tọ́ láti jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó gun àkàbà láti ara màlúù dé ara oníwàásù. Bí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ bá ṣẹ́, báwo ni yóò ṣe dé òkè? Bí kò bá jẹ́ òtítọ́ lákọ̀ọ́kọ́ pé ìwà ìkà ni láti mú kí màlúù máa pa ọkà tí òun kò lè tọ́ wò, ọ̀rọ̀ oníwàásù kò ní ìpìlẹ̀. Àti pé kí ni a ó sọ nípa òfin kẹrin, tí a ń kà ní iwájú pẹpẹ, tí ó dárúkọ ẹran ọ̀sìn mọ́ àwọn tí yóò sinmi ní ọjọ́ keje? Tàbí ìwé wòlíì Jónà, níbi tí Olúwa ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran Nínéfè mọ́ àwọn tí Òun ń ṣàánú fún, ní ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn ìwé náà pátápátá? Ẹni tí ó bá ní Ọlọ́run kò ka màlúù sí ní láti fa ojú ìwé púpọ̀ ya.

Nítorí náà, a kò lè sá sí ibi tí ó rọrùn ní apá ọ̀tún tàbí ní apá òsì. A ní láti wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí àwa rí nìyí. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a béèrè sí i lọ́wọ́ ẹni, àti kí a gba agbára tí ó fi ń wí pé Ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fún màlúù rẹ̀ ní koríko tútù, tí ó wẹ eégbọn kúrò lára rẹ̀, tí ó yan akọ rere fún un, ń béèrè wàrà sí i. Màlúù náà sì ń dáhùn láti inú ọ̀pọ̀ tí a fún un. Nígbà tí kò bá lè ṣe mọ́, ara rẹ̀ yóò dá a dúró, wàrà yóò dínkù, àgbẹ̀ yóò sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹran òun. Màlúù kò ní ẹnu láti fi ṣàròyé. Ìdínkù wàrà rẹ̀ ni ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí a ń sọ: kí ọ̀gá kan wá bẹ̀ yín pé kí ẹ fi kíláàsì kan kún tiyín, ó le, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan bu oògùn sínú oúnjẹ yín tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ kò ní pe ìyẹn ní ìgbéga.

Ní ìhà yìí, àjẹsára burú ju Posilac lọ ní ojú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dín owó àti ìgbà abẹ́rẹ́ kù. Ẹni tí ó rí i pé màlúù rẹ̀ ń tiro lónìí lè fi abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ sílẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù náà yóò sì tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun tí a ti dá sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í gbọ́ ìpè padà ní ọjọ́ tí a bá fẹ́. Ó ń rẹ̀ wọ́n fúnra wọn, lóòótọ́, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní láti tún abẹ́rẹ́ gún. Ṣùgbọ́n ní àárín oṣù wọ̀nyẹn kò sí ohun tí olówó màlúù lè ṣe. Àti pé ìjánu yìí kì í ṣe ti wàrà nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ikùn àti nínú ìfun, ó ń mú kí oúnjẹ lọ jẹ́jẹ́, ó sì ń di àwọn ìránṣẹ́ mìíràn mú nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá já okùn kan nínú ilé tí kò mọ ohun gbogbo tí a so mọ́ ọn, kí ó má jẹ́ kí ó yà á lẹ́nu bí òrùlé bá mì.

Bí a ti kọ èyí tán ni ọ̀kan nínú àwọn tí a fi í hàn tako wá, àtakò rẹ̀ sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè ṣàì kọ ọ́. Ó ní irú àjẹsára yìí kan náà wà tí a ń gún ẹlẹ́dẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a kò bá tẹ̀ lọ́dàá, ẹran rẹ̀ a máa rùn nígbà tí a bá ń sè é, nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń la ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kí ó tó dàgbà, nígbà púpọ̀ láìsí oògùn tí ó lè pa ìrora. Ní ọdún 1998 ni Australia fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ kan tí ó ń mú kí ara ẹlẹ́dẹ̀ bá ìránṣẹ́ tí ń jí ìwà akọ rẹ̀ jà; Yúróòpù tẹ̀lé e ní ọdún 2009. Abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀bẹ kò sì tún kan ẹran náà mọ́. Ǹjẹ́ èyí kì í ṣe kí ara máa bá ara rẹ̀ jà? Òun náà ni. Ǹjẹ́ ìkà ni? Rárá, àánú ni, bí a bá fi wé ọ̀bẹ.

A gbà fún un. A kò lè wí pé kí ara dojú kọ ara jẹ́ ibi nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó mú kí ti ẹlẹ́dẹ̀ dára: ìrora kan wà níwájú ẹran náà, abẹ́rẹ́ sì mú un kúrò. Ní ti màlúù onígbàwàrà, kò sí ìrora kankan níwájú rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ náà mú kúrò. Wàhálà tuntun ni a gbé lé e lórí, ẹlòmíràn sì ni ó ń gba èrè. Ìbéèrè tí ó kù fún wa kì í ṣe pé, Irú abẹ́rẹ́ wo ni? bí kò ṣe, Ta ni ó ru ẹrù, ta ni ó jẹ èrè, ǹjẹ́ ẹni tí ó ru ẹrù sì jẹ nínú rẹ̀?

Àtakò kejì wúwo ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ, nítorí ó kan ilẹ̀ tiwa. Bí màlúù kan bá lè fún ni ní wàrà màlúù méjì, a ó nílò màlúù díẹ̀. Bí màlúù bá dínkù, koríko tí wọn ó jẹ yóò dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni oko ìyá àgbà ní Ìdóàní yóò bọ́, ìjà yóò sì rọlẹ̀. Àwọn tí ń ta Posilac lo irú ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, pé ilẹ̀ àti oúnjẹ ẹran yóò dínkù. Tí a bá fi ìpalára díẹ̀ lára màlúù dí ìtàjẹ̀sílẹ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ta ni yóò kọ̀? Àwa kì yóò kọ̀, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ènìyàn níye lórí ju màlúù lọ, Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé a níye lórí ju ẹyẹ lọ.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù ìdàgbà kì í dá wàrà láti inú òfo. Ó ń darí oúnjẹ ni. Màlúù tí ó wà ní Wisconsin, tí ọkà àti koríko gbígbẹ kún ibùjẹ rẹ̀, ní ohun tí a lè darí. Màlúù tí ó rìn láti àríwá dé etí odò Ọsẹ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí koríko ti gbẹ tí a sì ti sun igbó, tí egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà, kí ni a ó darí nínú rẹ̀? Ẹran ara rẹ̀ ni yóò yọ́ di wàrà. Wàrà inú rẹ̀ kéré nítorí ebi, nítorí òùngbẹ, nítorí eégbọn àti àìsàn eṣinṣin, kì í ṣe nítorí pé ìjánu rẹ̀ le jù. Ẹni tí ebi ń pa, kì í ṣe ìjánu ni a ń tú fún un. A sì mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí ó ti ń so èso nítòsí wa. Láti ọdún 2010 ni FrieslandCampina WAMCO, tí ń ṣe mílíìkì Peak, ti ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìhà Ìṣẹ́yìn, wọ́n sì ń gbẹ́ kànga fún wọn. Ní Ìkùn ní Èkìtì, oko wàrà ìjọba tí ó ti di ahoro ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti Promasidor tún gbé dìde, tí a sì kó màlúù Jersey wá sí ibẹ̀ láti òkè òkun. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ sì pa á láṣẹ ní oṣù kejì ọdún 2020 pé ilé-iṣẹ́ mẹ́fà nìkan ni yóò máa rí owó òkè òkun gbà láti fi ra wàrà wọlé, ohun tí ó ń fẹ́ ni kí a lè máa fún wàrà níhìn-ín. Iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́ra, owó wọn pọ̀, àṣìṣe sì lè wà nínú wọn, ṣùgbọ́n omi àti koríko ni a fi bẹ̀rẹ̀ wọn.

Ó dùn wá láti sọ pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, kì í ṣe ìwàásù ni ó dá Posilac dúró. Àwọn ìyá tí ń ra wàrà ní ọjà ni ó kọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀rù àìlera ọmọ wọn ju nítorí màlúù lọ. Walmart yọ ọ́ kúrò nínú wàrà tí ó ń tà ní orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún 2008, ní ọdún yẹn kan náà sì ni Monsanto tà á fún Eli Lilly. Ìjọ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan. Bí irú rẹ̀ bá dé ìhà tiwa, a kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ní ọjà ni a ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Olùkọ́ tí ó kọ̀wé sí wa yóò fẹ́ mọ ohun tí yóò sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kí ó kọ́ wọn ní bí abẹ́rẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, láìfi ohunkóhun pamọ́, nítorí ìmọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó kó wọn lọ sí ọ̀dọ̀ Fúlàní kan tí wọ́n mọ̀, ní àárọ̀ kùtùkùtù, bí àwọn òbí wọn bá gbà, kí wọ́n wo bí ó ti ń fún wàrà. Wọn yóò rí i pé kì í fi ọwọ́ kan ọmú kí ó tó tú ọmọ màlúù sílẹ̀. Ọmọ náà yóò sáré lọ sí abẹ́ ìyá rẹ̀, yóò mu díẹ̀, wàrà yóò sì sọ̀ kalẹ̀, nítorí irú màlúù wa kì í fi wàrà sílẹ̀ fún àlejò bí kò bá rí ọmọ rẹ̀. Nígbà náà ni yóò so ọmọ náà mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú, tí ìyá lè máa lá a, yóò sì fún ìwọ̀n tí ó fẹ́ sínú igbá. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀, yóò dìde, yóò tún tú ọmọ náà sílẹ̀.